Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń rìn ni, àbí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rigasa bọ̀ wálé. Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ ń sáré, mo bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi láti wá owó tó já bọ́ sábẹ́ àga. Bí mo ṣe tàn án ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Ọkọ̀ ń sáré, èmi náà ń bá a sáré, fóònù ń bá wa sáré. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára fóònù ńkọ́? Ṣé eré ọkọ̀ wà lára tirẹ̀ náà? Bí mo bá kọjú tọ́ọ̀ṣì síwájú, ṣé yóò yá ju èyí tí mo kọjú sẹ́yìn lọ?

Mo rò ó títí a fi dé Kubwa, ohun tó sì wá yé mi ni pé bóyá ìmọ́lẹ̀ kì í rìn rárá. Bóyá ó wà káàkiri bí omi ṣe wà nínú odò, àwa sì ni ẹja. Ẹni tó bá tan iná kàn jí i ni. Ṣebí ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, a kì í sọ pé ìmọ́lẹ̀ rìnrìn àjò dé. Nílé ẹ̀kọ́, tíṣà ní kí n há nọ́ńbà sórí kí n jókòó. Ẹ̀yin ẹ má ní kí n jókòó o. Kí lẹ rí sí i?

* * *

Àbúrò, kò sẹ́ni tí yóò ní kí o jókòó níbí. Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe ní Àbújá, ó ti di ọdún 11 báyìí. Ìmọ́lẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ìbéèrè tí o bi yìí sì ti lé oorun lójú mi rí.

Kí n kọ́kọ́ mú ti "ilẹ̀ mọ́", torí ó dùn mọ́ mi. Lóòótọ́ la ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, ojú mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá mú iná wá ládùúgbò rẹ, kí làwọn ọmọdé ń pariwo? "Iná ti dé!" Ohun tó bá dé, ó níbi tó ti ń bọ̀. A sì tún ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ tàn. Ọ̀rọ̀ yẹn náà la fi ń sọ pé òkìkí tàn ká, àti pé àrùn tàn kálẹ̀. Èdè wa ò gbè ọ́ lẹ́yìn tán, kò sì gbè mí lẹ́yìn tán. Ẹ jẹ́ ká fèdè sílẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí èrò rẹ sọ fún mi ni èyí: tí iná bá tàn, ṣé ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ibi tó sún mọ́ àtùpà ló ń kọ́kọ́ jí kó tó kan ibi tó jìnnà? Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò gbọdọ̀ sí ìdádúró kankan láàrin ìgbà tí iná tàn níhìn-ín àti ìgbà tí wọ́n rí i lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń jí tẹ̀ lé ara wọn, a jẹ́ pé jíjí yẹn fúnra rẹ̀ ló ń rìn, èmi àtìẹ ò sì ní ìjà mọ́. Orí ìdádúró yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Èmi sì ń rí ìdádúró yẹn lẹ́nu iṣẹ́.

* * *

Ẹ̀rọ kan wà tí à ń pè ní OTDR. Kò tóbi ju Bíbélì ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Tí fáíbà bá já sínú ilẹ̀, èèyàn ò lè gbẹ́ gbogbo ọ̀nà láti Kubwa títí dé Zuba. A ó ki ẹnu fáíbà bọ ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ á wá máa ju ìmọ́lẹ̀ péépéèpé sínú rẹ̀, á sì máa ka bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó padà. Gíláàsì fúnra rẹ̀ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà ní gbogbo ibi tó bá gbà kọjá. Lójú ẹ̀rọ, wàá rí ìlà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ òkè. Níbi tó já, ìlà á ta sókè gan-gan, lẹ́yìn náà á já lulẹ̀ pátápátá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, fáíbà kan já láàrin Dei-Dei sí Zuba. Ẹ̀rọ ní kìlómítà 13.9. A wọn ọ̀nà, a débẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbẹ́ títí aago kan òru fi lù. Nígbà tí a kan wáyà, ó pé. Kò já, kò tẹ̀, kò ní ọgbẹ́ kankan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ jókòó sórí ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ń wo ojú mi.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kan wà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú rẹ̀, tó ń sọ bí gíláàsì inú fáíbà yẹn ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù tó. Ti fáíbà wa, 1.468 ni. Ẹni tó lo ẹ̀rọ ṣáájú mi ti yí i sí 1.50, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe dá a padà sí 1.468, kìlómítà 13.9 di 14.2. A tún rìn síwájú ní mítà 300, a dé ibi tí katakata ti gbẹ́ gọ́tà tuntun. Mo ní kí ẹni tó wà lápá kejì tan pẹ́ńì iná pupa sẹ́nu fáíbà náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàrin ẹrẹ̀, òwú gíláàsì tí kò nípọn ju irun orí lọ ń tan pupa fòò níbi tó ti já.

Àbúrò, ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Mo ṣi eré ìmọ́lẹ̀ sọ ní ìdá díẹ̀, ilẹ̀ sì fi mítà 300 jẹ mí níyà. Nígbà tí mo sọ ọ́ bó ṣe rí, ilẹ̀ fi ibi tó já hàn mí. Nínú fáíbà wa, ìmọ́lẹ̀ ń lọ ní nǹkan bíi 204,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ìmọ́lẹ̀ ń jí níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sí ohun tí ẹ̀rọ yẹn ì bá rí kà.

* * *

Èsì ti pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

Ẹni tó kọ̀wé láti Minna, tó jọ pé òun náà ń fa fáíbà, ní nọ́ńbà ẹ̀rọ kì í bá ilẹ̀ mu, torí pé a máa ń ká wáyà sílẹ̀ nínú kòtò tí a ti ń so ó pọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mítà 20 níbí, mítà 30 lọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ di ọ̀ọ́dúnrún. Gígùn wáyà ni ẹ̀rọ ń sọ, kì í ṣe gígùn ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìwé tó fi gbogbo ibi tí a ká a sí hàn wà lọ́wọ́ wa, a sì ti yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó má tíì gbé ṣọ́bìrì.

Ẹlòmíì ní ìmọ́lẹ̀ inú gíláàsì kọ́ là ń sọ, ti ìta gbangba ni. Ó ní kí ẹnì kan gorí Zuma Rock lálẹ́, kí ẹnì kejì gorí Aso Rock, kí èkíní tan tọ́ọ̀ṣì, kí èkejì náà tan tirẹ̀ bó bá ti rí i, kí wọ́n wá ka àkókò. Èrò yìí dára, ó sì ti pẹ́. Galileo, onímọ̀ ọmọ Ítálì, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àtùpà méjì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1638. Ibi tó sé sí ni pé ọwọ́ èèyàn lọ́ra. Láti Zuma dé Aso ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á lọ á bọ̀ láàrin nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìka rẹ tó tẹ tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ojú rẹ ti rí iná, ìmọ́lẹ̀ ì bá ti lọ bọ̀ lọ bọ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún. Ká má tíì sọ ti ọyẹ́, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn rárá.

Ọmọ Faransé kan, Fizeau, ló mú ọwọ́ èèyàn kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún 1849. Ó gbé dígí sí ibi tó jìnnà tó kìlómítà 8 ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ó wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba àárín eyín àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó ní eyín 720. Tí àgbá bá ń yí jẹ́jẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba àlàfo kan jáde, á sì gba àlàfo yẹn náà wọlé padà. Ó wá ń mú kí àgbá yí kánkán sí i. Nígbà tó dé ìyí bíi 12 ààbọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú àlàfo, ṣùgbọ́n kó tó padà dé, eyín ti dí ojú ọ̀nà. Òkùnkùn! Iye tó rí jẹ́ nǹkan bíi 313,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye tí gbogbo ayé fọwọ́ sí láti ọdún 1983 ni mítà 299,792,458. Pẹ̀lú àgbá eléyín tó ń yí nínú yàrá, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an.

Ọ̀nà ọ̀run pàápàá ti ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1676, Rømer, ọmọ Dẹ́ńmáàkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ń wo òṣùpá kan tó ń yí Júpítà po ní wákàtí 42 ààbọ̀. Nígbà tí ayé wa bá ń jìnnà sí Júpítà, òṣùpá náà á máa pẹ́ jáde nínú òjìji Júpítà. Nígbà tí ayé bá ń sún mọ́ ọn, á máa yá wọ òjìji náà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà tó gùn sí i.

* * *

Bàbá kan láti Zaria kọ̀wé pé ojú èèyàn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, bí ojú ológbò ṣe ń tàn lóru, àti pé ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "ojú rẹ̀ ń ta iná".

Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì bíi Euclid gba irú èyí gbọ́, ẹ ò dá nìkan wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ológbò yẹn wọ inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, tí iná kankan ò wọ̀. Ẹ ò ní rí ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú ojú rẹ̀ ló ń dá padà, bíi dígí.

Ẹni tó kó àríyànjiyàn yìí jọ dáadáa ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó ṣiṣẹ́ ní Cairo ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó ní tí a bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú ń dùn wá. Tó bá jẹ́ ojú ló ń rán nǹkan jáde, kí ló wá ń ro ó lára? Ohun kan ló wọlé wá.

Èmi fúnra mi rí i kí n tó mọ orúkọ ọkùnrin yẹn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, inú ìsọ̀ onípáànù kan ní Mararaba ni mò ń sùn. Ìṣó ti lu páànù kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ilẹ̀kùn pa tí mo dùbúlẹ̀, mo rí títì lára ògiri tó kọjú sí ihò yẹn, ó dorí kodò. Ọ̀kadà ń kọjá lórí, ọ̀run wà nísàlẹ̀. Obìnrin tó ń ta máásà níwájú ìsọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti pe oníbàárà, lára ògiri, ọwọ́ náà nà wálẹ̀. Àwọ̀ aṣọ rẹ̀, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ló hàn. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú ihò ìṣó yẹn. Ìmọ́lẹ̀ láti ara obìnrin náà ló gbọ̀ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ wọlé: èyí tó ti òkè wá ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá ń lọ sókè.

Àwọn tó wà ní Kàdúná tàbí Katsina ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2006, tí òṣùpá bo oòrùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rántí ilẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó tó máa ń wà lábẹ́ ewé ló di bí oṣù tuntun. Àlàfo àárín ewé ń ṣe iṣẹ́ ihò ìṣó.

* * *

Ó ku ẹja inú omi. Àbúrò ò jẹ́ kí èyí lọ, ó ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: ó dáa, ìmọ́lẹ̀ ń rìn, àmọ́ nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó ń rìn nínú rẹ̀, bí ìgbì ṣe ń rìn lórí omi. Nǹkan yẹn ló wà káàkiri.

Mo fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ńlá ló ń bá rò. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan nínú wọn tí kò gba irú èyí gbọ́. Wọ́n ń pè é ní ether. Bí mo bá wà láyé nígbà yẹn, èmi náà ì bá gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹja tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, omi á máa kọ lù ú lójú. Ayé wa ń yí oòrùn po ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ìmọ́lẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ máa fẹ́ kọjá lára wa bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sójú ọlọ́kadà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń lọ lòdì sí i tó tún padà, kò yẹ kó dé nígbà kan náà pẹ̀lú èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ tó sì padà. Àwọn onímọ̀ méjì, Michelson àti Morley, dán an wò ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1887. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lé orí òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n sì jẹ́ kí òkúta náà léfòó lórí fàdákà olómi tí à ń pè ní mẹ́kúrì, kó má baà gbọ̀n. Wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, wọ́n rán ọ̀kan síbí, wọ́n rán èkejì sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n yí òkúta kiri. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń retí ò wá.

"Bóyá ayé ń wọ́ omi náà dání ni." Àbúrò sọ èyí, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Stokes sì ti sọ ọ́ ní 1845. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára òjò. Tí òjò bá ń rọ̀ gan-an sórí rẹ nígbà tí o dúró, o ó gbé agboòrùn sókè tààrà. Tí o bá wà lórí ọ̀kadà, ojú ni òjò ń ti wá, o gbọ́dọ̀ tẹ agboòrùn síwájú. Bradley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní nǹkan bí ọdún 1728 pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: ìràwọ̀ ń tẹ̀ díẹ̀ síwájú sí ibi tí ayé ń lọ, ó sì ń yí bí ọdún ṣe ń yí. Bí ọkọ̀ bá ti fèrèsé pa, tó ń gbé atẹ́gùn inú rẹ̀ lọ, òjò ò ní ti iwájú bá ọ. Ẹ ò lè mú méjèèjì pọ̀, pé omi ìmọ́lẹ̀ ń bá ayé rìn, àti pé ìràwọ̀ ń tẹ̀.

Ibi tí mo fi ether sílẹ̀ sí nìyẹn. Ó dùn mí díẹ̀, torí èrò tó lẹ́wà ni.

* * *

Ó yá, ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló sọ pé ìmọ́lẹ̀ á gba eré ọkọ̀ mọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní tí o bá ju ọsàn síwájú nínú ọkọ̀ tó ń sáré, ẹni tó dúró nílẹ̀ á rí i pé ọsàn náà yá ju ọkọ̀ lọ. Lórí ọsàn, wọ́n jàre. Lórí ìmọ́lẹ̀, rárá. Ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná kì í kọjá 150 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn ò tó mítà 42 ní ìṣẹ́jú àáyá. Kékeré ni, ẹnì kan lè sọ pé a ò lè rí i ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tó yá. Lọ́dún 1964, ní CERN, ibùdó ìwádìí ńlá kan nítòsí Geneva, wọ́n mú àwọn hóró kéékèèké tí eré wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ìmọ́lẹ̀, tí àwọn fúnra wọn sì ń tú ká di ìmọ́lẹ̀ níwájú. Wọ́n wọn eré ìmọ́lẹ̀ tó jáde. Tó bá jẹ́ ti ọsàn ni, ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Iye kan náà ni wọ́n bá.

Kí wá ni nǹkan tó yí padà? Einstein sọ ní 1905 pé àkókò ni. Jókòó sí àárín ọkọ̀ rẹ, àbúrò, tan àtùpà. Lójú tìrẹ, ìmọ́lẹ̀ dé ògiri iwájú àti ògiri ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ Jere bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá yóò rí i pé ògiri ẹ̀yìn ń sáré bọ̀ wá pàdé ìmọ́lẹ̀, ògiri iwájú ń sá fún un. Lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì wọn eré ìmọ́lẹ̀, iye kan náà lẹ rí. "Lẹ́ẹ̀kan náà" lẹ ò jọ rí bákan náà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín, kò sì sí ojú tó ṣìnà.

Mo mọ̀ pé ó le láti gbà. Ó gba èmi náà ní ọdún díẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á ni fóònù ọwọ́ mi.

* * *

Àwọn sátẹ́láìtì GPS tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó yà sí ọwọ́ ọ̀tún ní Wuse, aago ló wà nínú wọn. Eré tí wọ́n ń sá ń mú kí aago wọn fà sẹ́yìn ní ìdá 7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lójoojúmọ́. Gíga tí wọ́n wà, níbi tí òòfà ayé ti dín kù, ń mú kí ó yá ní ìdá 45. Ẹ yọ ọ́, 38 ló kù. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n láàrin ìdá 38 yẹn, ìmọ́lẹ̀ á ti rin kìlómítà 11. Tí àwọn tó ṣe é ò bá tún aago náà ṣe látilẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, àṣìṣe tó wọ inú ìwọ̀n á ti tó láti gbé èèyàn láti Wuse lọ sí Gwarinpa. Èyí ni mo fi gba Einstein gbọ́. Àṣìṣe rẹ̀ náà ì bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn tí ẹsẹ̀ lè rìn, bíi mítà 300 tèmi.

Ẹni tó bi mí pé kí ló dé tí ìpè orí sátẹ́láìtì fi máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé: ọ̀nà ló jìn. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí wọ́n gbé lọ sókè láti Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 wà ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà lókè. Ohùn rẹ á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, èsì náà á gòkè, á sọ̀kalẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, ẹ má bú ẹni tó gbé e kalẹ̀.

Àti pé, ẹ̀yin tó ń polówó pé fáíbà ń fi eré ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni: gíláàsì ti gba ìdá mẹ́ta kan lọ́wọ́ eré yẹn. Ìgbì rédíò tó ń gba ojú sánmà tààrà láti òpó dé òpó yá ju ti inú fáíbà lọ. Ohun tí fáíbà fi borí ni pé ẹrù tó lè gbé pọ̀ jù.

* * *

"Wọ́n ti rí ohun tó yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, wọ́n kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni." Èèyàn mẹ́ta ló kọ èyí.

Wọn ò bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tó ń gba hóró neutrino láti CERN ní Gran Sasso, ní Ítálì, nǹkan bíi 730 kìlómítà sí ara wọn, kéde fún gbogbo ayé pé hóró wọn fi ìdá 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ẹlòmíì bá àwọn wá àṣìṣe. Ní 2012, wọ́n rí i. Ẹnu wáyà fáíbà kan tó ń gbé àkókò GPS wọ inú ẹ̀rọ wọn kò mú dáadáa.

Ẹnu fáíbà! Mo ka ìròyìn yẹn ní ibi iṣẹ́, mo sì dìde dúró. Gbogbo ẹni tó ti so fáíbà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ẹnu ò bá wọlé tán, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá wà lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kọjá, ṣùgbọ́n kò ní kún tó, ẹ̀rọ tó ń dúró dè é á sì pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ó ti dé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn èèyàn yẹn púpọ̀. Wọ́n gbé èrò ńlá síta, wọ́n sì tún lọ wo ẹnu wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

* * *

Àbúrò tún bi mí lálẹ́ àná pé ṣé gbogbo rẹ̀ ti yanjú, ṣé kò wá sí ibi tí èrò tòun lè dúró sí mọ́.

Ó wà. Wo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí dáadáa. OTDR mi, àlọ àti àbọ̀ ló ń kà, ó wá pín in sí méjì. Àgbá Fizeau, àlọ àti àbọ̀. Òkúta Cleveland, àlọ àti àbọ̀. Tí o bá fẹ́ wọn àlọ nìkan, o gbọ́dọ̀ ní aago kan níbí àti aago kan lọ́hùn-ún, kí àwọn méjèèjì sì bá ara wọn mu. Báwo lo ṣe máa mú wọn bára mu? Tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ lo fi ránṣẹ́ láti fi tò wọ́n, o ti gbà ṣáájú pé o mọ eré àlọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o gbé aago rìn lọ síbẹ̀, aago tó ń rìn ń yí padà, iye tó sì yí padà wà lọ́wọ́ ohun tí o gbà gbọ́ nípa àlọ. Einstein fúnra rẹ̀ sọ ní 1905 pé pé àlọ àti àbọ̀ dọ́gba, a fi ẹnu kò lé e lórí ni.

Nítorí náà, bí o bá sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ síwájú ọkọ̀ rẹ yá díẹ̀, tí èyí tó ń padà wá lọ́ra díẹ̀, tí àpapọ̀ wọn ṣì jẹ́ iye tí a mọ̀, mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi mú ọ. Kò sẹ́ni tó ní in. Èyí ò sọ ẹja inú omi rẹ di òótọ́, ṣùgbọ́n ojú ihò kan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ṣí sílẹ̀. Tí o bá rí ohun tí yóò yàtọ̀ lójú ilẹ̀ tí èrò rẹ bá jẹ́ òótọ́, kọ ọ́ síbí, kí a lọ gbẹ́ ibẹ̀.

Mo fẹ́ lọ sùn. Fáíbà kan já lọ́nà Gwagwalada, aago márùn-ún ìdájí la ó ti dìde. Mo ti wo ìwé tó bá wáyà náà wá, 1.4675 ni wọ́n kọ sí i. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.